Ìwé Ìgbélùú Ọ̀tọ̀, Owó Iṣẹ́ Ọ̀tọ̀

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe nítòsí Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àdéhùn ilé, ìwé ìfisùn, ìwé tí wọ́n fi ń wáṣẹ́, ìwé ẹ̀bẹ̀ sí káńsù, gbogbo wọn ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Lọ́jọ́ kan ní àsìkò kajú, bàbá àgbàlagbà kan wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ̀wé sí Ìmígíréṣọ̀n.

"Àwọn ọmọ Kútọnu mẹ́ta kan ń bẹ lóko mi lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Wọn ò níwèé ìgbélùú. Kí ìjọba wá kó wọn."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ yín?"

"Oṣù kọkànlá rèé."

"Ẹ ti sanwó wọn?"

"Owó ọdún la jọ dá. Ó ku oṣù kan kó pé. Àbí ẹni tí ò níwèé tún lówó tó fẹ́ gbà ni?"

N kò tẹ ìwé náà. Bàbá bínú, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Ohun tó ń dùn mí di òní ni pé kò sí ọ̀dájú lójú wọn nígbà tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè yẹn. Wọ́n gbà á tọkàntọkàn pé ẹni tí kò níwèé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan, bí ẹni tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì kò ṣe ní ìjókòó nínú ọkọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fetí sí bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, lórí rédíò, nínú ọkọ̀, níbi ìnáwó. Ẹ̀rù ajínigbé ti mú kí gbogbo wa máa fẹ́ òfin tó le. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ọ̀nà oko tí mo dá rìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n kò jẹ́ jẹ́ kí ọmọ mi dá a rìn lónìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ pé ààbò, àlejò ni ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e, bí a bá sì ti dárúkọ àlejò, òógùn ojú rẹ̀ á di ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú jẹ. Ohun mẹ́ta ni a dì sínú ẹrù kan: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé àárín wa, ta ló ń ṣọ́ ìlú, ta ló jẹ ta lówó. Òfin Nàìjíríà kò dì wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú ẹrù náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí à ń pè ní àlejò, nítorí ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣìnà. Ọmọ Nàìjíríà ni Àgátú tó ń kọ ebè iṣu fún wa. Ọmọ Nàìjíríà ni Tíìfì tó ń gba àgbàṣe oko, ọmọ Nàìjíríà ni Haúsá tó ń ru ẹrù ní Sábó. Abala 41 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ọmọ Nàìjíríà lè rìn káàkiri Nàìjíríà, kó sì gbé ibi tó bá wù ú níbẹ̀. Ìmígíréṣọ̀n kò ní ohunkóhun í bá irú wọn ṣe. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jalè, ọlọ́pàá ló ni ín, gẹ́gẹ́ bó ṣe ni ọmọ Ìjerù tàbí ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ́n tó bá jalè.

Àlejò lójú òfin ni ẹni tó ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá. Síbẹ̀, àwọn yìí náà kò rí bákan náà. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ní ìlú Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS bọwọ́ lùwé pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá ṣáà ti pé. Nàìjíríà wà nínú wọn. Lọ́dún 1986 wọ́n tún fi ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú kí èèyàn sì wáṣẹ́ ṣe kún un, pẹ̀lú káàdì ìgbélùú. Nítorí náà, ọmọ Kútọnu tó dé lánàá pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ kò rúfin kankan. Nìjẹ̀, Málì àti Bùrkínà Fasò ti kúrò nínú ECOWAS láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n ECOWAS ní kí àwọn tó kù ṣì máa gba àwọn ènìyàn wọn wọlé bí ti tẹ́lẹ̀ títí wọn yóò fi sọ nǹkan mìíràn.

Ẹni tó gba ipa ọ̀nà inú igbó wọlé láìníwèé, tàbí tí 90 ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tí kò wá káàdì, ti rúfin. N kò ní bò ó mọ́ yín lójú. Ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà sí ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá tó wá sọ́dọ̀ mi kò mọ̀ pé Òfin Ìmígíréṣọ̀n ọdún 2015 kò mẹ́nu lé òṣìṣẹ́ nìkan. Ó béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó gba àlejò síṣẹ́ pẹ̀lú. Ìwé tí wọ́n ní kí n tẹ̀ yẹn, ara wọn ni wọn ì bá fi sùn nínú rẹ̀.

Ta ló wá lè mú un? Nínú ìwé òfin Nàìjíríà, àkójọ kan wà tó jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè ṣòfin lé e lórí. Ọ̀rọ̀ wíwọ Nàìjíríà àti jíjáde níbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, àti owó oṣù tó kéré jù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ rántí èyí bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé òfin ìpínlẹ̀ ti fún àwọn ẹ̀ṣọ́ láṣẹ láti máa yẹ ìwé ìgbélùú wò. Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ilé aṣòfin Ọ̀yọ́ sì ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Mo fẹ́ràn Àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn ọmọ wa ni, wọ́n mọ igbó, wọ́n gbọ́ èdè. Ẹni tí wọ́n bá bá nídìí ìwà ọ̀daràn, kí wọ́n mú un, kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin Ọ̀yọ́ kò lè fún wọn ní àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ kò ní. Àmọ̀tẹ́kùn kò lè pinnu pé ọjọ́ ìwé ẹnìkan ti kọjá, kò lè lé ẹnikẹ́ni kọjá bodè, kò sì lè bá ọ̀gá oko lé òṣìṣẹ́ kúrò lóko. Fíjílanté kò lè ṣe é. Báálẹ̀ kò lè ṣe é.

Bí mo bá ń ka ìwé òfin, ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí mo máa ń fi bírò fà nílà: "ọmọ Nàìjíríà" àti "ẹnikẹ́ni". Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀-ọ́n-mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni. Abala 41 tí mo mẹ́nu bà lókè, ọmọ Nàìjíríà ló wà fún. Abala 34, tó sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ènìyàn ṣe ẹrú, a kò sì gbọdọ̀ fi agbára mú un ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ló wà fún. Abala 35 náà, ẹnikẹ́ni ni: bí a bá mú ènìyàn lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn, tí ilé ẹjọ́ sì wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan la ní láti gbé e débẹ̀. Ilé ẹjọ́ wà nínú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ibi tí ìwé òfin bá ti sọ pé ẹnikẹ́ni, kò bi ẹnikẹ́ni pé níbo lo ti wá.

Owó iṣẹ́ ló ń dun èmi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Òfin Òṣìṣẹ́ tí à ń lò ti wà láti àwọn ọdún 1970. Ó sọ ẹni tó ń pè ní òṣìṣẹ́: ẹni tó bá ẹlòmíràn ṣe àdéhùn láti ṣiṣẹ́ fún un, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ akọ̀wé, ìbáà jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo ti ka ibẹ̀ léraléra. Kò sí ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ páńsípọ́ọ̀tù. Lébìrà tó ń po kọ̀ǹkéré fún bíríkìlà ní Arówómọ́lẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́. Ọmọ Kútọnu tó ń ṣa kajú jẹ́ òṣìṣẹ́.

Òfin kan náà sọ pé owó ìlú ni a gbọdọ̀ fi san owó iṣẹ́, a kò gbọdọ̀ fi nǹkan mìíràn san án, àdéhùn tó bá sì sọ pé nǹkan mìíràn ni a óò fi san án, asán ni. Gbogbo ẹni tó ní oko ńlá láti ibí dé Òkè-Ògùn mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣé ẹ mọ àdéhùn ọ̀kadà? Ọmọ kan á ti Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò dé, wọn á sọ fún un pé bó bá sin oko yìí fún ọdún kan, wọn á ra ọ̀kadà fún un gùn lọ sílé. Wọ́n á máa bọ́ ọ, kò ní rí kọ́bọ̀. Òfin tún sọ pé bí iye àkókò tí a fi dá owó bá ju oṣù kan lọ, owó náà gbọ́dọ̀ máa jáde, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Owó ọdún tí bàbá yẹn sọ kò bá òfin mu láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó tó wá kan ọ̀rọ̀ ìwé àwọn ọmọ náà rárá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àdéhùn tó jẹ́ asán ti sọ iṣẹ́ náà di asán. Ìlànà àtijọ́ wà nílé ẹjọ́ pé ẹni tó jẹ àǹfààní iṣẹ́ ẹlòmíràn ni yóò san iye tí iṣẹ́ náà tó.

Bí ọmọ náà bá kéré lọ́jọ́ orí, tàbí tí ẹnìkan ló lọ mú un wá látilé rẹ̀ pẹ̀lú irọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó oṣù. Ọ̀rọ̀ kíkó ènìyàn ṣòwò nìyẹn, ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí rẹ̀.

Kí a má tan ara wa, òfin yìí ní ihò. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà, 70,000 náírà láti ọdún 2024, kò de ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Kò kan iṣẹ́ tí wọ́n ń fi iye tí èèyàn ṣe sanwó rẹ̀, kò sì kan iṣẹ́ ìgbà-dé-ìgbà bíi ti oko. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń ṣa kajú wa, yálà Àgátú ni tàbí ọmọ Kútọnu tàbí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, òfin kò sọ iye tó yẹ kó gbà. Iye tí wọ́n bá jọ dá ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọn kò bá san iye tí wọ́n jọ dá náà, kò sí ohun mìíràn tó kù fún un.

Ihò kejì ni ti ìwé àṣẹ iṣẹ́. Lọ́yà ọ̀gá lè dìde kó ní, "Olúwa mi, ọkùnrin yìí kò ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí àdéhùn iṣẹ́ kankan." Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó mọ òfin ju mi lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2009, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ìlú wọn lọ sí òmíràn àti ẹbí wọn. Abala 25 níbẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé àìpé ìwé òṣìṣẹ́ kò gba ọ̀gá sílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ gbèsè tó jẹ ẹ́. Ẹlòmíràn á ní àdéhùn òkèèrè kì í di òfin nílé wa bí ilé aṣòfin Àbújá kò bá sọ ọ́ di òfin. Òótọ́ ni, abala 12 ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ abala 254C, tí wọ́n fi kún ìwé òfin nígbà tí wọ́n ń tún Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ṣe, fún ilé ẹjọ́ yẹn láṣẹ láti lo àdéhùn òkèèrè tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ náà ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè kọ́kọ́ lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ lébà, tàbí àjọ Legal Aid tó ń gbẹjọ́ àwọn aláìní rò.

Ìwọ̀fà àtijọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ̀fà jẹ gbèsè ni ó fi ń sìn. Ọjọ́ tí gbèsè bá san, ó gbá ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀, ó lọ. Ọmọ oko Ìkòyí-Ilé yẹn, òun ni a jẹ ní gbèsè, òun náà ló tún ń sìn, òun náà la tún fẹ́ kí ìjọba wá kó.

Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù. Báwo ni Ogúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́ ní ìlú wa, ṣe dé iwájú Aláàfin? Ìdè ni wọ́n fi mú un lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, nítorí ẹ̀mí tó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́. Ìtàn kan tilẹ̀ sọ pé ará Ìbàrìbá ni, ilẹ̀ tí bodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ là sí méjì lónìí. Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da Ọ̀yọ́ láàmú nígbà náà. Ogúnlọlá tọrọ àyè, ó lọ, ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ó gbé orí rẹ̀ wá. Aláàfin kò sọ fún un pé, "Ìwọ tí o wà nínú ìdè, kí lo fẹ́ gbà?" Ó dá a sílẹ̀, ó jẹ́ kó padà sídìí igi àjàgbọn rẹ̀, ìlú sì gba orúkọ láti ara iṣẹ́ tó ṣe. Ẹ̀sùn kò pa iṣẹ́ rẹ́. Orúkọ tí a ń jẹ́ di òní, owó iṣẹ́ tí a san fún ẹni tó wà nínú ìdè ló bí i.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí Amẹ́ríkà díẹ̀, nítorí ilé tí kò ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n lọ́hùn-ún kò pọ̀ mọ́, ìròyìn ibẹ̀ sì ń da ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn rú. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ẹ̀rù bà wọ́n gidi, wọ́n sì fi ẹ̀rù náà ṣòfin. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n ṣe òfin kan tó sọ iṣẹ́ yíyẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú di iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ní ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ló lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ní ìwé ìgbélùú tó pé pérépéré; ní San Francisco, àwọn ará Filipíìnì ló pọ̀ jù nínú wọn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ní irú ìwé yẹn kan náà sì lè wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, kó gbé ìbọn, kó kú sójú ogun.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ kó iléeṣẹ́ 22 pọ̀ sábẹ́ iléeṣẹ́ ààbò kan ṣoṣo, òṣìṣẹ́ bí 170,000, títí kan àwọn tó ń ṣọ́ bodè. Ohun tó dá òfin náà dúró fún oṣù mélòó kan ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: ṣé àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí ṣì lè ní ẹgbẹ́ tí yóò bá wọn bá ìjọba sọ̀rọ̀, àbí ààrẹ lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn lórúkọ ààbò? Max Cleland, sẹ́nétọ̀ láti Georgia, tó pàdánù ẹsẹ̀ méjèèjì àti apá kan sójú ogun Vietnam, wà lára àwọn tó dúró ti òṣìṣẹ́. Àwọn alátakò rẹ̀ fi ìyẹn sọ pé kò bìkítà fún ààbò ìlú. Ó sì pàdánù ìbò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002. Ọjọ́ 25 oṣù yẹn ni Ààrẹ Bush bọwọ́ lu òfin náà. Inú rẹ̀ ni iléeṣẹ́ ICE, tó ń mú àlejò tí kò níwèé, tí a sì ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ti jáde lọ́dún 2003.

Ọdún 2002 yẹn náà ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn dá ẹjọ́ kan, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ tí kò níwèé ni, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó ń ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lẹ́yìn. Ilé ẹjọ́ ní lílé tí wọ́n lé e lòdì sófin, ṣùgbọ́n kò lè gba owó àkókò tí kò fi sí lẹ́nu iṣẹ́, nítorí kò níwèé. Ẹ kíyè sí i dáadáa: owó iṣẹ́ tí kò ráyè ṣe ni wọ́n fi dù ú. Owó iṣẹ́ tí èèyàn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, òfin Amẹ́ríkà ṣì ní kí wọ́n san án, ìwé wà tàbí kò sí. Bí ọmọ yín bá wà níbẹ̀, tí ọ̀gá kan sì fi ICE dẹ́rù bà á kó lè jẹ owó rẹ̀, ọ̀gá náà ló rúfin.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ kò ní ẹnu. Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé ológun, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, Ìmígíréṣọ̀n àti wọ́dà ẹ̀wọ̀n kò gbọdọ̀ ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ bá gbé ìbọn lé lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ìfikùnlukùn nìkan ni a lè gbé kalẹ̀ fún wọn. Ìdí rẹ̀ yé mi. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹni tó ní ìbọn dáṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ nígbà tí owó rẹ̀ kò pé tàbí tí wọn kò fún un ní bàtà, ojú ọ̀nà ló máa ń lọ wá a, ẹni àkọ́kọ́ tó sì máa bá níbẹ̀ ni lébìrà tí kò níwèé. Ọ̀gá kò sanwó fún un, ẹ̀ṣọ́ sì gba ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lápò rẹ̀. Àwọn méjèèjì tó pàdé lójú ọ̀nà yẹn, òṣìṣẹ́ ni wọ́n.

Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ sínú òfin ààbò, èmi kò ní kí wọ́n ṣí bodè sílẹ̀ gbayawu. Mo fẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ àlejò kí wọ́n tó fi í sọ́kọ̀: ta ló jẹ ọ́ lówó? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n gbà á fún un, kó tó lọ. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ti sọ tẹ́lẹ̀ pé dúkìá ẹni tí a bá lé gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ààbò kí ó sì padà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́; lójú mi, kò sí dúkìá tó ju owó iṣẹ́ lọ. Mo fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó iṣẹ́ má ṣe jẹ́ ẹni kan náà tó ń fa orúkọ lé Ìmígíréṣọ̀n lọ́wọ́. Ọ̀gá tó bá sì fi òṣìṣẹ́ ara rẹ̀ sùn nígbà tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, kó san án ní ìlọ́po méjì.

Wọ́n ti bi mí pé, "Ṣé kí á máa tọ́jú arúfin ni?" Ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀gá tó lè rí ẹni lò lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní gba ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń béèrè owó síṣẹ́ láéláé. Èyí tó tún wúwo lọ́kàn mi ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ igbó. Ta ló ń sùn ní abà lóru? Ta ló ń kọ́kọ́ rí ipa ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ rí, iná tí ń jó níbi tí kò yẹ, alùpùpù mẹ́rin tí kò tan iná kọjá láàárín òru? Àwọn lébìrà oko ni. Láti Ìkòyí-Ilé lọ dé etí igbó ọba Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ni ojú wa. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ọjọ́ tí àwọn bá yọjú sí ọlọ́pàá ni wọ́n máa di ará Kútọnu tó ń sọdá bodè lọ́wọ́ òfo, wọn ò ní sọ ohun tí wọ́n rí. Wọn á tún aṣọ fà borí, wọn á sùn. Àwọn ajínigbé á wá kọjá lọ sílé bàbá tó jẹ wọ́n lówó.

Àwa náà ti wà nípò yẹn rí. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gbà á tàbí kó kúrò. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kúrò, àwọn ará ìlú wa sì kún inú wọn. Ọjà Tàmálè àti ti Kùmásì kò ṣàjèjì sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn mìíràn ti bí ọmọ, wọ́n ti bí ọmọ-ọmọ síbẹ̀, wọn kò sì ronú rí pé ìwé kan wà tó yẹ káwọn gbà. Bàbá bàbá mi wà lára wọn. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Tàmálè, àwìn ni wọ́n sì ń tà á fún púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà wọn. Nígbà tí ìkéde náà jáde, àwọn tó jẹ wọ́n lówó kò wá mọ́. Wọ́n kàn ń dúró kí ọ̀sẹ̀ méjì pé ni.

Lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, ó kan àwa láti ṣe é. Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó jáde, ará Gánà ló pọ̀ jù, àpò onílà tí wọ́n kó ẹrù sí sì gba orúkọ Ghana-must-go lẹ́nu wa títí di òní. Oṣù méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, Nàìjíríà sọ Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn di òfin nílé. Abala 12 rẹ̀ kà á léèwọ̀ láti máa lé àwọn àjèjì lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Òfin ilẹ̀ wa ni, ó ṣì wà níbẹ̀.

Tíṣà ará Gánà kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wa lọ́dún 1983. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga. Bàbá mi sọ fún mi pé nígbà tí ó ń di ẹrù, gbogbo ilé ń bẹ̀ ẹ́ pé kó pẹ̀lẹ́, kó mú gààrí dání, kó ṣọ́ra lọ́nà. Bàbá àgbà kò sọ ìkankan nínú ìyẹn. Wọ́n jókòó sórí ìtẹ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé wọ́n ti sanwó rẹ?" Wọn kò tíì san án. Bàbá àgbà wọ bàtà, wọ́n gba ilé ìwé lọ, wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi rí i gbà.

Ìwé gbèsè Tàmálè wọn wà lọ́wọ́ mi báyìí, nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí mo ń tẹ̀wé lórí rẹ̀. Ìwé kékeré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Orúkọ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye tí olúkúlùkù jẹ ní sídì. Ẹni tó bá san tirẹ̀, bàbá àgbà máa ń fa ìlà pupa kọjá lórí orúkọ rẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni ìlà wà lórí wọn.